Bọ́ọ̀lù Tó Bọ́ Sí Àárín

Lọ́jọ́ tí a sin Mọ́mì Festac, ìyá tó bí ìyá mi, àlùfáà dúró lórí àga ìwàásù, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Obìnrin tí mo mọ̀, tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde girama, máa ń bá ènìyàn jà dáadáa. Ó bá aládùúgbò jà, ó bá kọndọ́kítọ̀ jà ní Mile 2, ó bá dókítà tó ní kó má gun àtẹ̀gùn mọ́ jà. Kì í pariwo, kì í sì í búni. Ó kàn máa ń dúró síbi tó bá dúró sí ni, títí tí ọ̀rọ̀ náà á fi sú ẹnì kejì.

N kò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú fọ́tò kan tó ti wé gèlè tí kò bá a mu. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé, torí mo ti ń gbàgbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, n kò sì rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì máa ń dà á láàmú.

Bí ẹran kan bá ṣẹ́kù sínú àwo láàárín tábìlì, tí gbogbo wa ń ṣe bí ẹni tó ti yó, Mọ́mì á gbójú sókè, á ní, "Ta ló ni bọ́ọ̀lù yìí?" Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè dáhùn, á fi fọ́ọ̀kì mú ẹran náà, á jẹ ẹ́. Bí fóònù bá ń dún tí a ń wo ojú ara wa, ohun kan náà ló máa béèrè. Bí àlejò méjì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kan ń ní, "Ẹ kọ́kọ́ wọlé, sà," tí èkejì ń ní, "Rárá o, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú," Mọ́mì á gba àárín àwọn méjèèjì kọjá, á lọ jókòó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ìyá àgbà ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo sọ ọ́ nílé ọ̀rẹ́ mi kan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀lù kiri abẹ́ àga, ni mo tó mọ̀ pé tilé wa nìkan ni.

Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà fi àdúrà parí ìpàdé. Bàbá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í na maikirofóònù síra wọn. Ọ̀kan ní ẹnì kejì ló dàgbà jù, ẹnì kejì ní ọ̀kan ló ti pẹ́ jù nínú ìjọ. Mọ́mì dìde láti ìlà àwọn obìnrin, ó gba maikirofóònù náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó gba àdúrà tí kò gùn rárá, ó ṣe àmín, ó padà síjòókòó. Inú bí àwọn kan gidigidi. Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ti fẹ́ balẹ̀."

Iṣẹ́ tẹníìsì ló ṣe jẹun nígbà kan. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn kedere, torí àwọn tó ń gbé ládùúgbò báyìí rò pé olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì lásán ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ló ti kọ́kọ́ di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ó gbá a dé ibi tí kò sí obìnrin tó lè nà án mọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ àwọn dí nígbàkígbà tó bá wá bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn jọ gbá. Ó fẹ́ bàbá mi àgbà, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀, ó sì bá a kó wá sí Festac nígbà tí àjọ̀dún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìjọba ń pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Òórùn ọ̀dà ò tíì kúrò lára ògiri nígbà náà. Wọ́n ní omi ń yọ nínú ẹ̀rọ láàárọ̀ lálẹ́, ohun tí mo gbọ́ tí n kò gbà gbọ́ nìyẹn. Ní ìparí búlọ́ọ̀kù wọn, ògiri kan wà tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ni Mọ́mì ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri láàárọ̀ kùtù, kó tó lọ síléèwé tó ti ń kọ́ni lápá Agboju. Ìyá Bísí, tó ń gbé nísàlẹ̀, ló ni kíṣíìnì tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Lọ́jọ́ kan ó gbé àwo tó fọ́ gòkè wá. Mọ́mì wo àwo náà, ó wọlé, ó mú ọ̀kan nínú tirẹ̀ jáde, ó fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún wà nídìí ògiri. Àwo mìíràn fọ́, Mọ́mì tún fún un ní òmíràn. Ìyá Bísí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà tó ti darúgbó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bi í pé, "Ṣé bí a ó ṣe máa ṣe é lọ nìyí?" Mọ́mì sì fèsì pé, "Ẹ̀yin lẹ gbé àwo kọ́ sára ògiri mi."

Ìyá Bísí ló gbé pẹpẹ àwo rẹ̀ lọ sí ògiri kejì. Wọ́n padà di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò dá àwọn àwo náà padà.

Ohun tí Mọ́mì ń wá rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti rí. Ó fẹ́ kí tẹníìsì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ máa gbá a bí ẹni ń jí i gbá kó tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ti wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó láti bá a tọ́jú ìyá mi, tó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ìyá Àgbà kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó kàn fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí abiyamọ máa wọ yẹ̀rì péńpé lọ ṣe. Mọ́mì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ni, Mà. Mo máa ń làágùn níbẹ̀."

Ọ̀nà wá là. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ń wá ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò máa gbá tẹníìsì lórúkọ wọn láti Èkó dé Kùtọnu, dé Lomé, dé Ghana, tí wọ́n á sì máa san owó oṣù fún. Méjì-méjì ni àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ náà máa wá, wọn á bá ara wọn gbá a. Ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan ṣì láǹfààní kan, ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀mejì á máa lọ sílé. Àbúrò ọkọ Mọ́mì ló bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ó sì ti kọ́ tẹníìsì níléèwé girama. Kò sí ọkùnrin mìíràn tí Ìyá Àgbà máa gbà kó bá ìyàwó ilé wọ ọkọ̀ dé Ghana.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ju ọmọkùnrin yìí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé náà kí Mọ́mì tó wọ̀ ọ́ ní ìyàwó, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Kì í pè é lórúkọ. Ó sọ ọ́ ní Eyínafẹ́, bí àwọn ìyàwó ṣe máa ń fún ọmọ ọkọ lórúkọ, torí eyín rẹ̀ funfun, ó sì tò dáadáa. Á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Eyínafẹ́ náà mọ̀ pé àgbà òun ni. Kì í jókòó nígbà tí Mọ́mì bá wà lórí ìdúró, kì í sì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láì tẹrí ba. Ilé náà tòrò.

Lórí pápá, ìtẹríba yìí kó bá wọn. Bọ́ọ̀lù tó bá lọ sí ọ̀tún, ti ẹnì kan ni. Èyí tó bá lọ sí òsì, ti ẹnì kejì ni. Èyí tó bá bọ́ sí àárín ni kò ní ẹni tó ni ín. Mọ́mì á fà sẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀, Eyínafẹ́ á fà sẹ́yìn fún àgbà, bọ́ọ̀lù á gba àárín wọn kọjá, àwọn méjèèjì á sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń bá wọn gbá fi rí i, wọn ò sì gbá a síbòmíràn mọ́. Kílọ́ọ̀bù kan ní Ìkòyí ni wọ́n ti nà wọ́n. Nínú mọ́tò ìjàpá bàbá mi àgbà tí wọ́n gbé padà sílé, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Mile 2. Bàbá mi àgbà kì í ṣe ẹlẹ́nu, ó lè jẹun tán láì sọ ju "ẹ ṣé" lọ. Òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tẹníìsì kọ́ lẹ gbá. Ẹ kàn ń kí ara yín ni."

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹnu kò pé Mọ́mì, tó ń dúró sápá òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sún mọ́ àárín, ni kó máa gba bọ́ọ̀lù àárín. Ẹnu gbà, ara kọ̀. Bí wọ́n bá ń gbá a ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ Mọ́mì á gbéra, á sì tún dúró. Ìyá Àgbà máa ń gbé ìyá mi sórí ẹsẹ̀, á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa wò wọ́n. Tẹníìsì ò yé e, ṣùgbọ́n ohun tó ń rí yé e, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé, "Ìyàwó wa mọ ìwọ̀n ara rẹ̀." Mọ́mì gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé, "Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí."

Pápá onísimẹ́ńtì kan ní Festac ni wọ́n gbé ìkejì wá, ní ọ̀sán Sátidé. Àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ ní Trade Fair dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n ń wòran. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ tí mo bá láyé, ó sì bára mu ju bí ìtàn ẹbí ṣe máa ń bára mu lọ. Eré náà le. Ó wá dé ibi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù kí Mọ́mì àti Eyínafẹ́ borí, ó sì ti rẹ àwọn méjèèjì.

Àwọn tọ̀hún gbá a sí àárín. Eyínafẹ́ sún mọ́ ọn, ó rántí, ó dúró. Mọ́mì sáré. Eyínafẹ́ ò rí i, ó rò pé ó ti fi í sílẹ̀ fún òun bí ìṣe rẹ̀, ó tún sún mọ́ ọn. Rákẹ́ẹ̀tì Mọ́mì bá a lẹ́nu, Eyínafẹ́ sì ṣubú gbalaja. Bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì, àwọn tọ̀hún gbá a padà, ó rọra ń fò bọ̀ lókè, níwájú ibi tí Eyínafẹ́ na ẹsẹ̀ sí. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti débẹ̀. Mọ́mì ré ọkọ rẹ̀ kọjá nílẹ̀, lójú ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì na bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó tún ré ẹsẹ̀ náà kọjá padà sẹ́yìn, bó ṣe yẹ kí ẹni tó bá ré èèyàn kọjá ṣe, ó ju rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Eyín iwájú kan ti lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Eyínafẹ́. Ó ti wọlé."

Ìyá Àgbà ì bá fi ọ̀rọ̀ eyín jì í. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣèèṣì. Ti ẹsẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó pe àwọn àgbà ẹbí jọ sí pálọ̀, ó sì sọ ohun tó ń fẹ́: kí wọ́n lọ sọ fún ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò pé àwọn ò ṣe mọ́. Ó ní, "Ó rí ọmọ mi nílẹ̀, ó ré e kọjá, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù." Bàbá mi àgbà ò sọ nǹkan kan. N kò tíì dárí ìyẹn jì í tán, òun náà sì ti kú. Mọ́mì wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà, tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, bi í bóyá irú rẹ̀ tún lè ṣẹlẹ̀. Ó ń nawọ́ ìrànlọ́wọ́ sí i, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ó yẹ kó ní rárá.

Mọ́mì ní, "Bó bá tún bọ́ sí àárín, màá tún lọ bá a, sà. Màá sì tún padà wá kúnlẹ̀."

Ariwo sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Ìyá Àgbà yíjú sí Eyínafẹ́. Òun ni wọ́n ṣẹ̀, òun àti Mọ́mì ló jọ máa gbá a, bó bá sì ní òun ò gbá a mọ́, ó ti parí fún Mọ́mì nìyẹn. Ètè rẹ̀ ti wú.

"Bọ́ọ̀lù ẹ̀ ni," ni Eyínafẹ́ wí.

"Mi ò bi ẹ́ léèrè bọ́ọ̀lù."

"Màámi, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ni. A ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo wà níbi tí ò yẹ kí n wà. Ká ní mo fi í sílẹ̀ fún un ni, eyín mi ì bá ṣì wà lẹ́nu mi."

Ìyá Àgbà wo ẹnu rẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n lọ gbé omi gbígbóná àti iyọ̀ wá fún ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Wọ́n jọ gbá a fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá, Eyínafẹ́ padà sí èbúté, Mọ́mì sì ń dá gbá tirẹ̀ nìṣó títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Kò di olówó nídìí rẹ̀, kò sì lókìkí. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń kọ́ lórí pápá onísimẹ́ńtì yẹn, ọmọ tó bá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì lórí pápá á sáré yí i ká. Ó gbìyànjú láti kọ́ èmi náà. Ojo ni mí, mo máa ń dijú. Ó ní, "Àjọkẹ́, kí lo ń bẹ̀rù ẹ̀ sí? Kò mọ̀ ẹ́." Mo bi í lọ́jọ́ kan kí ló rí nínú iṣẹ́ náà tó fi fẹ́ fi ilé ọkọ wewu. Ó ní, "Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sanwó fún mi kí n má fà sẹ́yìn."

Ìyá mi ò fẹ́ràn tẹníìsì títí di òní. Lomé ni Mọ́mì wà nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà ló sì rìn lọ bá. Ìyá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú mi, nígbà tí òun àti Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣíìnì, láì gbóhùn sókè. "Gbogbo bọ́ọ̀lù lẹ lọ bá, Mọ́mì, àfi tèmi." Mo dúró kí Mọ́mì fèsì, torí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò fèsì. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó fà sẹ́yìn nìyẹn, ó sì dùn mí fún àwọn méjèèjì.

Ní itẹ́ òkú, àlùfáà ní kí ọmọ olóògbé wá bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ méjì ni Mọ́mì bí, ìyá mi àti Ọ́ńkù Dépọ̀, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí orúnkún ti kọ̀ fún un. Ọ́ńkù Dépọ̀ mú ṣọ́bìrì, ó na án sí ìyá mi. "Ẹ̀yin ni àkọ́bí, Ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá mi tì í padà. "Ìwọ lọkùnrin, Dépọ̀. Ìwọ ni àrólé." Ó tún na án. Ìyá mi tún tì í padà. Àlùfáà wo aago. Gbogbo wa dúró yí kòtò náà ká, oníkálukú ń wo bàtà ara rẹ̀.

Eyínafẹ́ fúnra rẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Eyínafẹ́, jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ìwé pélébé ọjọ́ náà ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Olúmúyìíwá. Ó gbórí sókè. Àlàfo ṣì wà níwájú ẹnu rẹ̀, kò fi eyín àtọwọ́dá dí i rí.

"Ta ló ni bọ́ọ̀lù yìí?" ló béèrè.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì, ó bu erùpẹ̀ náà sórí ìyá rẹ̀. Ó tún bu òmíràn, ó tún bu òmíràn. Nígbà tí Ọ́ńkù Dépọ̀ nawọ́ láti gbà á kó lè sinmi, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá mi wí. "Tèmi ni."